Ta Ló Ń Jí Oòrùn Orí Òrùlé Àlàájà?

Omi tutù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú òfin ilẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni, gbogbo ilé tó wà ní Surulere ni wọn ì bá ti kó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá látìgbà tí ọyẹ́ ti dé. Ìnsípẹ́kítọ̀ Adékẹ́mi mọ èyí dáadáa. Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ débi pé ó ti mú olè adìyẹ, ó ti mú olè mọ́tò, ó sì ti mú ọkùnrin kan ní Mushin tó jí ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tà, tó tún wá fẹjọ́ sùn pé olè wọlé òun. Síbẹ̀, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yìí, obìnrin tó sanra tó tún níyì yìí bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó sì ti ẹsẹ̀ kan bọ inú pọ́ọ̀lù ìlúwẹ̀ẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé onílé. Kíá ló yọ ọ́, bí ẹni tí akàn gé lọ́mọ ìka.

"Ẹ rí i fúnra yín," Kọ́lápọ̀ tó ni ilé sọ. "Ṣé omi tí èèyàn máa gbé ìyá ẹ̀ sí nìyẹn?"

Adékẹ́mi ní rárá o, omi tí wọ́n fi ń jí òkú ni.

Kọ́lápọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ti ká a lára kọjá ẹ̀rín. Òun ló gbẹ́ pọ́ọ̀lù náà, kò sì gbẹ́ ẹ nítorí fàájì. Kò ju pálọ̀ kan lọ ní fífẹ̀, jíjìn rẹ̀ ò sì kọjá àyà àgbàlagbà. Ìyá rẹ̀, Àlàájà Bàlíkísù, tó ta léèsì ní Tejuoso títí orí rẹ̀ fi hewú, ló ṣubú lọ́jọ́ kan, tí ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò sì dá a lóhùn mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa rìn ín nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé omi á bá a gbé ara, ooru inú rẹ̀ á sì tú iṣan. Nígbà tí òjò dé tí omi ń tutù, Kọ́lápọ̀ wá ọ̀dọ́mọkùnrin kan kàn ní Yaba, Taoheed lorúkọ rẹ̀, tó ń fi oòrùn ṣiṣẹ́ jẹun. Taoheed to àwọn páńẹ́lì dúdú sórí dẹ́kì kọnkéré tó jẹ́ òrùlé ilé náà. Páńpù á fa omi láti inú pọ́ọ̀lù lọ sókè, omi á gba inú àwọn páìpù tín-ín-rín tó wà nínú páńẹ́lì kọjá, oòrùn á ti mú páńẹ́lì gbóná, omi á sì sọ̀ padà wálẹ̀ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Kò sí gáàsì níbẹ̀, kò sí jẹnẹrétọ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Kọ́lápọ̀ á ti ibi iṣẹ́ dé láti Iganmu, á gbé ìyá rẹ̀ wọnú omi, á di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, wọn á jọ máa lọ máa bọ̀, wọn á máa ṣòfófó àwọn mọ̀lẹ́bí tó wà ní Ìjẹ̀bú.

Àfi bí ọyẹ́ ṣe dé tí omi di yìnyín. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ figbe bọnu. Ohun tó wá ta Kọ́lápọ̀ lólobó ni pé ní Sátidé àti Sọ́ńdè, omi a tún lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kó tó di àárín ọ̀sẹ̀, ó ti tutù padà. Kọ́lápọ̀ jókòó, ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó sì mú ẹni tó ṣe é. Taoheed lè ti inú fóònù rẹ̀ tan páńpù, ó sì lè pa á. Kọ́lápọ̀ ní ńṣe ló ń pa á láàárín ọ̀sẹ̀ kí wọ́n lè pè é, kó wá sọ pé páńẹ́lì ti kéré, kí wọ́n ra òmíràn sí i. Lópin ọ̀sẹ̀ tí onílé bá wà nílé, á tàn án kí wọ́n má baà fura. Ni Kọ́lápọ̀ bá kó ọlọ́pàá lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lánàá, níṣojú àwọn oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀gá àgọ́ bá Adékẹ́mi sọ: bí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ bá mọ́ tí kò rí ẹlòmíràn mú, kọ́ọ̀tù ni Taoheed ń lọ, jìbìtì sì ni wọ́n máa kà sí i lọ́rùn. Adékẹ́mi ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Kò sunkún, kò sì búra. Ohun kan ló tẹnu mọ́.

"Àǹtí, orí òrùlé àwọn èèyàn ni mo ti ń jẹun. Tí wọ́n bá gbé mi dé kọ́ọ̀tù pẹ́nrẹ́n, ta ló tún máa jẹ́ kí n gun tiẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ dúró níwájú káńtà àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú kúlà oúnjẹ tí ọmọ ò lè jẹ, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Èyí ló dun Adékẹ́mi jù. Ó mọ bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìyá tó bá ń pariwo.

Ó nu ẹsẹ̀, ó rìn yí pọ́ọ̀lù ká. Ó dé ibi tí páìpù ti ń da omi padà láti òkè, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ojú rẹ̀ sì yí. Ó ní kí Kọ́lápọ̀ náà wá fọwọ́ kàn án. Omi tó ń bọ́ lẹ́nu páìpù lọ́ bí ẹ̀kọ mímu tó ti jókòó díẹ̀.

Kọ́lápọ̀ pàtẹ́wọ́. Ó ní ẹlẹ́rìí wo ni wọ́n tún ń wá? Láti àná ni Taoheed ti wà lẹ́yìn káńtà, omi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lónìí. Wọ́n ti ti olè mọ́lé, olè jíjà sì ti dúró.

Ọ̀rọ̀ náà wúwo. Adékẹ́mi dúró tì í, inú rẹ̀ ò dùn, nítorí kò síbi tó máa gbà já a. Ó ń fojú inú rí Taoheed nínú ọkọ̀ tó ń lọ kọ́ọ̀tù. Ó wá kó ọwọ́ sí ìbàdí, ó béèrè ọjọ́ tí òní jẹ́. Kọ́lápọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni. Níbo ni Kọ́lápọ̀ máa ń wà lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀? Ibi iṣẹ́. Lónìí ńkọ́?

"Mo wà nílé nítorí yín."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀."

"Ẹ rí i," Adékẹ́mi ní, "ẹni tó ń ṣe èyí ò ka ọjọ́ o. Ẹ̀yin ló ń ṣọ́. Tẹ́ ẹ bá wà nílé, omi á gbóná. Tẹ́ ẹ bá jáde, ó tutù."

Kọ́lápọ̀ ò fẹ́ jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó rántí aládùúgbò rẹ̀, Christopher, tó gbé táǹkì omi ga sókè lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí tí òjìji rẹ̀ sì lè máa bo páńẹ́lì. Adékẹ́mi ní òjìji tó ń lọ fún ìsinmi lópin ọ̀sẹ̀, òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n kí wọ́n gòkè lọ wò ó.

Àtẹ̀gùn kọnkéré kan ló wà lẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá Àlàájà, pẹ̀lú irin ìdìmú lápá kan ṣoṣo. Lókè, òjìji táǹkì Christopher ò tiẹ̀ dé ìdajì dẹ́kì. Eruku ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan: orí ògiri, orí táǹkì ilé náà fúnra rẹ̀, orí bọ́ọ̀lù kan tí ẹnì kan gbá síbẹ̀ tí kò lójú àtiwá béèrè. Adékẹ́mi fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sára táǹkì, ó hàn ketekete. Ó wá bojú wo àwọn páńẹ́lì. Wọ́n ń dán. Wọ́n ń dán débi pé ó rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀kan, ó sì fara balẹ̀ tún ìrun rẹ̀ ṣe.

Ó béèrè ẹni tó ń nù wọ́n. Kọ́lápọ̀ ní kò sẹ́ni tó ń nù wọ́n; Taoheed náà ò gòkè yìí láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé.

"Olè wo ló ń nu ohun tó fẹ́ bà jẹ́?" Adékẹ́mi bi ara rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀, ó gbé imú lé páńẹ́lì, ó sì ń gbóòórùn rẹ̀ kiri bí ẹni tó ń wá ẹran tó ti bà jẹ́. Kọ́lápọ̀ gbójú sápá kan, bí èèyàn ṣe ń gbójú kúrò lára wèrè tó fọwọ́ ara rẹ̀ pè wálé. Nígbà tí Adékẹ́mi dìde, ó ní òórùn káńfọ̀ ni òun gbọ́, irú èyí tí wọ́n máa ń jù sáàárín aṣọ nínú àpótí kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́.

Ó yí padà láti sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró gbagidi. Lórí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, eruku wà létí ọ̀tún, ó wà létí òsì, ṣùgbọ́n àárín ti mọ́ fẹ̀ẹ̀rẹ̀. Ibi tó mọ́ náà fẹ̀, ó fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ènìyàn kankan lọ. Kọ́lápọ̀ ti rí i, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó ní àpò ni. Ẹnì kan ló ń wọ́ àpò sọ̀kalẹ̀. Olè ń kó nǹkan òun gba orí òrùlé jáde nígbà tí òun wà níbi iṣẹ́, bàbá Àlíyù tó ń ṣọ́ géètì ló sì gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀.

Adékẹ́mi kọjú sí àtẹ̀gùn. Ńṣe ló jókòó. Ó gbé ìdí lé àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó tún gbé e lé ìkejì, gbì, ó tún gbé e lé ìkẹta, gbì, títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Ọkùnrin tó mú ẹjọ́ wá dúró lókè, ó ń wo ọlọ́pàá tó máa bá a yanjú ẹ̀ bó ṣe ń fi ìdí rìn.

Wọ́n pe bàbá Àlíyù. Ọmọ Ìlọrin ni, àgbàlagbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Adékẹ́mi béèrè ohun tó máa ń ṣe tí àwọn ará ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Àlíyù wolẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni.

Kọ́lápọ̀ ti fẹ́ di bàbá náà lọ́rùn aṣọ.

"Orúnkún nìkan ni, ọ̀gá mi," bàbá Àlíyù bẹ̀bẹ̀. "Mi ò wọnú ẹ̀ tán rí."

"Orúnkún ta ni?"

"Orúnkún tèmi."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tú jáde nìyẹn. Orúnkún ló ń dà á láàmú. Tí Àlàájà bá ti sùn, á jókòó sí etí pọ́ọ̀lù, á ki ẹsẹ̀ sínú omi gbígbóná, orúnkún á sì simi. Láti ìgbà tí omi ti tutù, orúnkún ti padà sẹ́nu ẹkún. Ó di Adékẹ́mi lọ́wọ́ mú, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun wá ẹni náà rí, òun gan-an ni wọ́n jà lólè. Àpò kankan, òun ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ariwo páńpù nìkan lòun mọ̀, tí kì í jẹ́ kí òun sùn, Mọ́ńdè ni o, Túsìdeè ni o, láti òwúrọ̀ títí dìrọ̀lẹ́. Ó rántí pé ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó ní òun ò sọ pé òun ń sùn o, kì í jẹ́ kí òun ronú ni.

Adékẹ́mi yí sí Kọ́lápọ̀. Ó ní ṣé ó gbọ́ ohun tí bàbá yìí sọ? Páńpù ò kú lọ́jọ́ kankan. Omi ń gòkè, oòrùn wà lójú ọ̀run, omi sì ń padà wálẹ̀ ní tútù. Ohun tí Taoheed lè fi fóònù pa, kò pa á. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé nǹkan kan ń bo páńẹ́lì mọ́ oòrùn lójú, nǹkan tó ń rùn bíi káńfọ̀, tó sì ń nu eruku kúrò bí wọ́n bá ṣe ń tẹ́ ẹ tí wọ́n ń ká a.

Kọ́lápọ̀ béèrè ta ni. Adékẹ́mi béèrè lọ́wọ́ bàbá Àlíyù ẹni tó ń gba géètì wọlé láàárín ọ̀sẹ̀. Bàbá ní kò sẹ́nì kan. Oníbúrẹ́dì pàápàá, ìta ló ń dúró sí. Àlàájà nìkan ló máa ń wà nílé.

"Ìyá mi ò lè dá dìde lórí bẹ́ẹ̀dì," Kọ́lápọ̀ ní, ohùn rẹ̀ sì ti le.

Adékẹ́mi ní òun gbọ́. Lákòókò yẹn gan-an ni Saidat, ìyàwó Kọ́lápọ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní Yaba, wọlé dé. Adékẹ́mi fà á sápá kan, ó béèrè ẹni tó ń fọ aṣọ Àlàájà. Saidat ni. Níbo ni ìdọ̀tí ti máa ń le jù lára ìró rẹ̀? Saidat pòṣé bí ẹni tó ti ń retí ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ tó ti lọ́kọ. Ó ní ìdí ni. Obìnrin tó jẹ́ pé orí tìmùtìmù ló ń jókòó sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ìdí ìró rẹ̀ á funfun bíi ti bíríkìlà. Òun ti fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi ń bó òun. Òun ò bi í, nítorí ìyá ọkọ ni.

Adékẹ́mi rìn padà sídìí àtẹ̀gùn, ó sì di irin náà mú. Tí èèyàn bá ń gòkè, irin wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Tó bá ń sọ̀kalẹ̀, irin ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó tún un ṣe. Ó wá dúró sójú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́jẹ́, bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn tí kò tọrọ.

Ó sọ fún Kọ́lápọ̀ kó máa lọ sí àgọ́, kó lọ dúró de òun. Ó ní kílẹ̀ tó ṣú, òun á fọwọ́ ara òun mú ọ̀daràn náà wá. Kọ́lápọ̀ fi ayọ̀ wọ mọ́tò, díẹ̀ ló kù kó gbé géètì lọ.

Àlàájà Bàlíkísù jókòó sórí àga onítáyà rẹ̀, tẹ̀súbà lọ́wọ́ òsì, ojú sí fèrèsé. Adékẹ́mi kúnlẹ̀ kí i. Àlàájà súre fún un, ó béèrè ọkọ, ó béèrè àwọn ọmọ, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ sórí ọ̀rọ̀ omi. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun fi ṣe ẹni náà. Nínú omi yẹn ni òun ti ń rí ojú ọmọ òun lójúmọ́, tí kì í wo fóònù, tí kì í sáré jáde. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè.

"Ẹni tó ń sọ omi mi di tútù, ẹni yòówù kó jẹ́, Ọlọ́run Ọba á—"

Adékẹ́mi fò dìde, ó sì há ọwọ́ náà lófuurufú.

"Ẹ jọ̀ọ́, màámi. Ẹ má ṣẹ́ èpè yẹn tán. Orí yín ló ń bọ̀."

Òórùn káńfọ̀ gba inú yàrá náà kan láti ara àwọn àpótí tó wà lẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì. Adékẹ́mi jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì rọra kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ níwájú ìyá náà: páńẹ́lì tó ń dán, àárín àtẹ̀gùn tó mọ́, ìdí ìró tó ń funfun. Ó ní ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bá le, irin ni yóò dì mú, á rìn sọ̀kalẹ̀ bí èèyàn. Ẹni tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò tíì fi bẹ́ẹ̀ lágbára ló máa fi ẹsẹ̀ gòkè, tó máa fi ìdí bọ̀.

Àlàájà gbé tẹ̀súbà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ti apá àga, ó sì dìde. Adékẹ́mi tó fi làákàyè ara rẹ̀ tú gbogbo ẹ̀, tó ti mọ̀ ọ́n kó tó wọlé, kò mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àlàájà rìn dé fèrèsé, ó yí padà, ó sì rìn bọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́lẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń lọ.

Nínú omi ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ní. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí Kọ́lápọ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, ó rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sọ fún ẹnì kankan. Kò fẹ́ kí ẹnu pọ̀ lórí ẹ̀ kó tó jinná. Ó wá jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé ibi àkọ́kọ́ tí ojú ayé máa ti rí òun lórí ìrìn, ibi àdúrà Àsàlátù àwọn ni, ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí. Òun á fẹsẹ̀ ara òun wọlé, òun á sì dúró síwájú dúpẹ́. Nítorí náà ló ṣe ń fi àtẹ̀gùn kọ́ ẹsẹ̀ tí ilé bá ti dá. Kò sì fẹ́ gòkè lásán. Àwọn aṣọ rẹ̀ ti wà nínú àpótí láti ìgbà àìsàn, wọ́n ti gba ọ̀rinrin, ó sì fẹ́ mú èyí tó máa wọ̀ lọ. Ó ń pọ̀n wọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó fi ọ̀já dì wọ́n, kí ọwọ́ òsì lè ráyè di irin mú. Lókè, ó rí pátákó dúdú, ó mọ́, ó gbóná, kò sẹ́ni tó ń wò ó. Ó ń sá léèsì lónìí, ó ń sá àrán lọ́la.

"Ṣùgbọ́n páńẹ́lì ni, màámi."

"Mo mọ̀. Sólà ni. Ti iná. Ta ló ń tan iná lọ́sàn-án?"

Adékẹ́mi ní kì í ṣe ti iná. Gbogbo sólà tí Àlàájà ti rí ní Èkó, gílóòbù àti fáànù ló ń gbé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé tiwọn yàtọ̀. Ó ti rò pé páńpù tó ń pariwo yẹn ló ń se omi. Adékẹ́mi ṣàlàyé bó ṣe jẹ́: omi gan-an ló ń gba inú pátákó yẹn kọjá, oòrùn tó ń bọ́ sórí léèsì ni oòrùn tó yẹ kó bọ́ sínú omi.

Àlàájà fọwọ́ bo ẹnu. "Èmi ni mo wá ń gbọ̀n nínú omi tí mo fọwọ́ ara mi sọ di tútù?"

"Ẹ̀yin náà lẹ tún fẹ́ ṣẹ́ ẹ lépè."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú àwọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà Àlàájà dì í lápá, ó bẹ̀ ẹ́ kó bo òun láṣìírí títí di Sọ́ńdè. Ọjọ́ mélòó ló kù? Ẹ̀rín kúrò lójú Adékẹ́mi. Ó ní Taoheed ò lè dúró di Sọ́ńdè, kọ́ọ̀tù ni lọ́la.

Àlàájà ò mọ̀ rárá. Kọ́lápọ̀ sọ fún un pé òun ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Adékẹ́mi ní ẹ̀yìn káńtà ló ti ń bá a sọ ọ́. Àlàájà béèrè bóyá ó níyàá. Ó níyàá, ó sì ti dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lọ́wọ́.

"Mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ fún Ọlọ́run," Àlàájà ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

Adékẹ́mi lè fi òfin mú èèyàn, kò lè fi òfin já ẹ̀jẹ́ èèyàn. Àlàájà wo àwọn àpótí rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún wo àpótí.

"Àgọ́ yín yẹn, ṣé ó ní àtẹ̀gùn?"

"Díẹ̀ ni, màámi."

"Pe Saidat kó wá bá mi wé gèlè."

Ní àgọ́, Kọ́lápọ̀ ti ń ṣàpèjúwe ọ̀daràn náà fún kọ́ńsítébù tó wà ní káńtà. Ó ní irú wọn máa ń ga, wọ́n máa ń tínrín, wọn kì í wo èèyàn lójú. Taoheed jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn káńtà, ó ń gbọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì dúró níbi tó wà.

Mọ́tò jákujàku Adékẹ́mi wọ ọgbà. Saidat ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀, ó ti ń sunkún, kò sì lè sọ ìdí ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni léèsì funfun kan yọ, gèlè lórí, bàtà lẹ́sẹ̀. Obìnrin náà ti ọwọ́ Adékẹ́mi sẹ́yìn, kò fẹ́ kí ẹnì kankan di òun mú. Ó gun àtẹ̀gùn kan, ó simi. Ó gun òmíràn. Kọ́lápọ̀ rí àgbàlagbà obìnrin tó ń bọ̀, ó yà fún un lọ́nà, ó tẹrí ba. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà."

"Kú ìrọ̀lẹ́, Kọ́lá," ìyá rẹ̀ ní.

Kọ́lápọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú, ó ń tẹ ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wò ó bóyá òótọ́ ni. Àlàájà ò dúró sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó rìn dé káńtà, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Èmi lẹ̀ ń wá. Èmi ni mo fi aṣọ dí oòrùn lójú. Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan."

Ohun tó mọ́ kọ́ńsítébù lára ló ṣe: ó béèrè orúkọ àti ọjọ́ orí. Adékẹ́mi wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn káńtà.

Taoheed jáde, aṣọ rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ ti wọnú. Kọ́lápọ̀ dìde kúrò nílẹ̀, ó sì tún dọ̀bálẹ̀, níwájú ìyá Taoheed lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní bí òun ṣe dójú ti ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù níṣojú èrò, níṣojú èrò kan náà ni òun máa dúró lọ́la láti sọ pé òun ni òun ṣìnà. Ó ní òun á lọ bá àwọn oníbàárà tó ti fóònù Taoheed pé àwọn ò ṣe mọ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n á fi padà.

Ìyá Taoheed ò wò ó. Àlàájà ló ń wò, ó wò ó láti gèlè dé bàtà, gbogbo àgọ́ sì sún sẹ́yìn díẹ̀, nítorí gbogbo wọn mọ ohun tí ìyá lè fi kúlà oúnjẹ ṣe.

"Nítorí aṣọ yín lọmọ mi fi sùn síbí?"

"Nítorí aṣọ mi ni. Mo bẹ̀ yín."

"Wọ́n ní ẹ̀ ń jókòó sórí àga onítáyà."

"Mo ń jókòó sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín ló gbé mi dìde níbẹ̀."

Taoheed la ẹnu. Ó ní, "Màmá, ṣé omi yẹn ló..." Ó ti to páńẹ́lì sórí ilé púpọ̀ ní Yaba àti ní Surulere, wọ́n ti kí i nítorí fáànù, wọ́n ti kí i nítorí fíríìjì. Kò sẹ́ni tó ti bá a sọ irú èyí rí. Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú Àlàájà, èèpẹ̀ àgọ́ kún un láyà, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tì í mọ́lé.

Ìyá rẹ̀ gbé kúlà sílẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ní Alihamudulilahi, ó sì fa Àlàájà mọ́ra débi pé gèlè tí Saidat fi sùúrù wé wọ́ sápá kan.

Àlàájà ò tún un ṣe. Ó di káńtà mú, ó pa ojú dé, ó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá oníbàárà àtijọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, Ọlọ́run, mo ní Àsàlátù ni, Ẹ sì ti mú mi wá síbí, mo dúpẹ́ náà ni. Ó dúpẹ́ fún ẹsẹ̀. Ó dúpẹ́ fún oòrùn tó ń ràn láìbéèrè ẹni tó jí i lò. Ó dúpẹ́ fún ọmọ tirẹ̀ tó ń bá a rìn nínú omi, àti fún ọmọ ọlọ́mọ tó mú omi náà gbóná. Ìyá Taoheed ń ṣe Àmín. Saidat ń ṣe Àmín. Adékẹ́mi, tó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, ń ṣe tirẹ̀ bí i pé òun ni wọ́n ń ṣàdúrà fún. Láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn irin tó wà nísàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tí wọ́n tì mọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn, ohùn wọn pọ̀, ó sì mi ògiri.

Ọ̀gá àgọ́ já jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀, ó béèrè ẹni tó ń da ibẹ̀ rú.

"Ọ̀gá, ọpẹ́ là ń ṣe," Adékẹ́mi ní. "Ẹ ṣí fìlà."

Ọ̀gá wo gbogbo wọn, kò yé e. Ó ṣí fìlà, ó sì ní Àmín.